Ọjọ́ Tí Mas Biman Kó Wa Sá fún Òkè

Àwọn èèyàn kan wà tí Ọlọ́run fún ní ohùn tó ń dún, ó fún wọn ní gíga, ó fún wọn ní eyín funfun, ó wá gbàgbé láti fún wọn létí. Ẹ jọ̀ọ́, mo yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ọlọ́run kì í gbàgbé. Ó fún wọn létí, méjì gbáko, ó sì dúró dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di ìkọ́ tí wọ́n ń fi jígí dúdú kọ́.

Irú wọn ni Bimantara. Ilé mi ló gba yàrá sí, nítorí pé àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mò ń gbà sílé láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Mas Biman ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe ọ̀dọ́kùnrin tí a ò fẹ́ pe orúkọ mọ́ lórí. Bekasi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jakarta, ló ti wá bá wa lábẹ́ òkè, àánú wa ló sì ṣe é tó fi wá. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Aṣáájú ni òun, ó ní. Kò tíì sí ẹni tó ṣáájú o, àmọ́ aṣáájú ni. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́ni bí a ṣe ń darí èèyàn ló máa ń lọ, gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ògiri yàrá tí mo kùn láwọ̀ ewé, n kò rí àwọ̀ ewé ibẹ̀ mọ́. Inú ilé ìwẹ̀ ló ti ń fi ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ra. Àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ̀lì léjìká á ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún orílẹ̀-èdè ṣe tán kí omi tó kàn wọ́n.

Lọ́jọ́ kan mo ní kó bá mi gbé sílíńdà gáàsì láti ẹnu géètì wọ ilé ìdáná.

"Ìyá, aṣáájú kì í gbé ẹrù," ló dá mi lóhùn. "Aṣáájú ló máa ń tọ́ka ibi tí wọ́n á gbé e sí."

Ó sì tọ́ka. Ó tọ́ka dáadáa. Mo gbé e síbẹ̀.

Lọ́dún náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn ò ní fi ìbò yan olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, nítorí pé ẹni tó bá se núdùùsì fún èèyàn jù ló máa ń wọlé. Wọ́n ní àwọn máa dán wọn wò ni. Wọ́n á kó wọn sínú ìṣòro àtọwọ́dá, wọ́n á jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú bírò, wọ́n á máa wo ẹni tó lè kó èèyàn jáde níbẹ̀. Bu Purwaning (Bu la fi ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa), olùkọ́ àgbà kan tí kì í pariwo, ni ọ̀gá àwọn olùdánwò.

Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n kó wọn jókòó yí tábìlì ká, wọn ò yan olórí kankan, wọ́n ní kí wọ́n jọ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ kan títí wọ́n á fi fẹnu kò. Teguh, tí òun àti Biman jọ ń gbé yàrá, wà níbẹ̀.

"Báwo ló ṣe lọ?" ni mo bi í.

"Ó dáa, Ìyá. Wọ́n ní ká jíròrò, Biman sì jíròrò."

"Ẹ̀yin yòókù ńkọ́?"

"Àwa náà wà níbẹ̀."

Biman ní òun ti gba ipò náà tán. Ojú ẹsẹ̀ ló pe bàbá ẹ̀ ní Bekasi. Táyà ni bàbá náà, Pak Hartoyo (Pak la fi ń pe bàbá), ń tà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í sì í gùn. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú fóònù láti ibi tí mo ti ń ṣa ìrẹsì.

"Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìwọ ni olórí. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sálásí. Bí o bá gbà á, ó dáa. Bí o ò bá gbà á, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, kí o wá bá mi ta táyà. Mi ò lè máa rán ẹni tí kò lè darí ẹnì kankan níléèwé."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Biman wí. "Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo. Àwọn ìyá arúgbó kan ni wọ́n kàn fẹ́ kí n kó sínú ọkọ̀."

Àwa ni àwọn ìyá arúgbó náà.

Bu Purwaning ti wá bá ẹgbẹ́ àsàlátù wa sọ̀rọ̀. Ó ní ká ṣe bí ẹni pé òkè tó wà lórí wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi iná àti eérú, pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kàn gbọ́dọ̀ kó gbogbo wa dé pápá iwájú gbọ̀ngàn ìjọba nísàlẹ̀ kí òun tó fọn fèrè. "Ẹ má ṣe bí òṣèré o," ó ní. "Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nílé yín gan-an ni kí ẹ ṣe." Olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ló ní ọjọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan àti gbohùngbohùn kan.

Mo fẹ́ràn ọmọ náà, ẹ má rò pé n kò fẹ́ràn ẹ̀. Bó ṣe ń jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀ ni mo jókòó tì í.

"Mas, kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan, lọ kí Mbah Karso."

Mbah Karso ni bàbá tó dàgbà jù ní abúlé wa. Ìgbà tó bá dìde ni àwa náà ń dìde. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí òfin tó lè sọ pé kó má rí bẹ́ẹ̀. Wàá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, wàá jókòó sórí ẹní, wàá mu tíì tó bá gbé fún ọ, wàá béèrè àlàáfíà màlúù ẹ̀, ìgbà náà lo máa tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Ẹni tó bá ti dúró sójú títì pè é, ariwo lásán lonítọ̀hún ń pa.

"Ìyá, òkè ń gbiná, ẹ ní kí n máa kí màlúù?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mas," ni mo wí.

Ohun tí Mas Biman ò sì mọ̀ nípa wa láti ọjọ́ tó ti dé nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í sọ "rárá" sí ẹlòmíì lójú. Ìwà àfojúdi ni. Bí o bá ní kí n gun orí igi àgbọn lọ, màá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, màá sì padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ mi. Tọmọdé tàgbà wa ló mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wa nìyẹn. Biman dé àárín wa, kò rí ẹni tó sọ "rárá" fún un rí, ó wá gbà pé agbára òun ni.

Ó bá wa lábẹ́ igi máńgòrò níwájú mọ́sálásí, níbi tí gbogbo àwa ìyá àsàlátù jókòó sí lórí àga, tí a ń dúró de ìjàǹbá wa. Ó wọ ẹ̀wù alápò: àpò níwájú, àpò lẹ́yìn, àpò lórí àpò, gbogbo wọn ṣófo. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi.

"Ẹ̀YIN ARÁ ABÚLÉ!"

Bu Sarinem tó ń bó ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ta gìrì, ẹ̀pà dà sílẹ̀.

"Ohùn ẹ̀ dáa," ló sọ sí mi létí. "Ì bá máa bá wa pe ìrun."

"ÒKÈ TI Ń BI INÁ! BÍ MO BÁ NÍ KÍ Ẹ DÌDE, ṢÉ Ẹ MÁA DÌDE?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mas!" ni gbogbo wa dáhùn pọ̀, bí ìgbà tí a ń ṣe àmín.

"ṢÉ Ẹ MÁA TẸ̀LÉ MI?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mas!"

"ṢÉ Ẹ GBẸ́KẸ̀LÉ MI?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mas! Ṣé o ti jẹun?" Bu Sarinem ló fi ti ìkẹyìn yẹn kún un.

Inú Biman dùn débi pé ó pinnu láti kọ́ wa lórin. Ó ní àwọn èèyàn tí kò bá ní orin kò lè bọ́ nínú ewu. Bí òun bá ní "Ta ló ń kó wa lọ?", ká na ẹ̀ṣẹ́ sókè, ká ní "Biman! Biman! Biman ni!" A gbìyànjú ẹ̀. Ó ní ohùn wa ò jinlẹ̀. A tún un ṣe. Ó ní ẹ̀ṣẹ́ àwọn kan ń wọ́ lọ sápá ọ̀tún. Ó tò wá nílà, ó tún ìlà tò, ó gbé àwọn tó ga sẹ́yìn. Olùdánwò kan tó fẹ̀yìn ti ògiri mọ́sálásí wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ká ní iná òkè jẹ́ òótọ́ ni, á ti wọ ilé Bu Sarinem báyìí, àmọ́ ẹ ò ní gbàgbé pé orin wa ti ń dùn.

Mbah Karso ní tirẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ ní òdìkejì títì, ó ń pọ́n dòjé tó fi ń gé koríko.

"MBAH! Ẹ DÌDE! Ẹ BỌ́ SÍNÚ ỌKỌ̀!"

"Wọlé, ọmọ mi," ni Mbah wí. "Tíì wà nílẹ̀."

"KÒ SÁYÈ TÍÌ, MBAH! ÒKÈ Ń BỌ̀!"

Mbah Karso gbójú sókè wo òkè. Òkè jókòó jẹ́jẹ́, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Mbah wí, ó sì gbé ife tíì tirẹ̀ sẹ́nu.

"Ẹ rí i!" ni Biman wí fún olùdánwò. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bá a sọ̀rọ̀!"

Ó fò sí iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pak Giyono awakọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó kọjú síwájú gan-an. Wọ́n ti kọ́ ọ níbì kan pé aṣáájú kì í bojú wẹ̀yìn. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wà lára ògiri mi.

"Ẹ MÁA GÒKÈ LẸ́YÌN!" ni gbohùngbohùn wí láti ojú fèrèsé.

A wo Mbah Karso. Mbah Karso jókòó. Àwa náà jókòó.

"Bu Warti," ni Bu Sarinem pè mí, "ṣé òfìfo ni ọkọ̀ yìí fẹ́ lọ ni? Iwájú gbọ̀ngàn ìjọba mà ló ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àga wọn tá a yá fún Mọ́lúdì tá a jókòó lé yìí ńkọ́? Àti àwọn ìkòkò ńlá wọn? Ìgbà wo la tún máa rí ọkọ̀ kó wọn padà?"

N kò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Ẹ̀sìn wa ní ká dá ohun tí a bá yá padà. A dìde kúrò lórí àga wọn, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sókè. Biman ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń ró gbàgà-gbogo lẹ́yìn ẹ̀, ayọ̀ sì kún ohùn ẹ̀.

"Ẹ MÁ TI ARA YÍN O!"

"Àwọn tó sanra la kó sísàlẹ̀, Mas!" ni Bu Sarinem dáhùn, ó ń ti ìkòkò.

"Ẹ DI ARA YÍN MÚ DÁADÁA!"

"A ti fi okùn dè wọ́n, Mas!"

"KÁRE! ṢÉ ỌKỌ̀ TI KÚN?"

"Ó kún, Mas!"

Ẹnì kan ò lè dìde lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ kó ní a purọ́. Ọkọ̀ kún. Ó kún dẹ́nu. Ó gbéra, a juwọ́ sí i, a tẹ́ ẹní, mo gbé epo kaná, a bẹ̀rẹ̀ sí í dín pákí.

Pak Giyono ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà fún wa. Ó ní títí àwọn fi dé ìsàlẹ̀, Biman yọ orí síta fèrèsé, ó ń fi gbohùngbohùn tu àwọn àga nínú. "Ẹ MÁ SUNKÚN! ILÉ LẸ FI SÍLẸ̀, Ẹ̀MÍ YÍN ṢÌ WÀ! MO WÀ PẸ̀LÚ YÍN!" Àwọn èèyàn ń jáde sójú títì wá wò ó.

"Ìwọ náà ò wá lè sọ fún un?" ni mo bi Pak Giyono.

"Bu, wọ́n ní kí n wakọ̀. Wọn ò ní kí n sọ̀rọ̀."

Bu Purwaning ti ń dúró ní pápá, fèrè lọ́rùn. Biman bẹ́ sílẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"Bu, n kò pàdánù ẹnì kankan!"

Ó já ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, ojú ẹ̀ ṣì wà lára Bu Purwaning, ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìyá, ẹ fún mi lọ́wọ́, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀."

Ẹsẹ̀ àga ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fà á. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ìkòkò kan bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri la pápá kọjá, ó lọ dúró níwájú gbọ̀ngàn bí ẹni pé ó mọ ilé. Olùṣọ́ gbọ̀ngàn sáré jáde.

"Alihamudulilai! Ẹ ṣeun gan-an, Mas! Láti ọjọ́ Mọ́lúdì la ti ń retí wọn. Kò sì sí èyí tó kán! Ẹ mà mọ nǹkan kó o!"

"Àwọn èèyàn dà?" ni Bu Purwaning béèrè.

"Wọ́n... wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, Bu."

"Hẹn-ẹn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Mi ò tíì fọn fèrè o, Mas."

Biman sá wọ ọkọ̀ padà, Bu Purwaning náà wọlé tì í.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àlejò kan ti dé. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tarno wa ọkọ̀ kékeré wọ iwájú mọ́sálásí, ó sì gbé pátákó òdòdó kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé síwájú ilé ìyàwó tàbí ìsọ̀ tuntun. Ó ga ju ilẹ̀kùn mọ́sálásí lọ. Lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà ló wà lára ẹ̀: A BÁ BIMANTARA YỌ̀, OLÓRÍ GBOGBO AKẸ́KỌ̀Ọ́. Nísàlẹ̀: LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌDÍLÉ PAK HARTOYO, ONÍTÁYÀ, BEKASI.

"Ibí ni wọ́n ní kí n gbé e wá," ni Tarno wí. "Bàbá ẹ̀ ní ibi tí ọmọ òun ti ń gba èèyàn là."

"Ibí náà ni," ni Mbah Karso dá a lóhùn. "Ó kó àga lọ sísàlẹ̀ ni, ó ń bọ̀. Jókòó, mu tíì."

Tarno ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó bọ́ bàtà.

Ibi tó ti ń mu ún lọ́wọ́ ni ọkọ̀ dé. Biman bọ́ sílẹ̀, kò sí jígí, kò sí gbohùngbohùn. Ó rí wa lórí ẹní pẹ̀lú pákí lẹ́nu. Ó rí pátákó. Ó rí orúkọ ara ẹ̀ lára pátákó, ó sì gbójú kúrò kíá, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ bá àgbàlagbà níbẹ̀. Ó kọrí sọ́dọ̀ Mbah Karso. Ó bọ́ bàtà. Inú mi dùn, mo ń ṣàdúrà fún un lábẹ́ ahọ́n.

"Mbah, ẹ jọ̀ọ́, òkè..."

"Kọ́kọ́ mu."

Tíì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni. Biman gbé gbogbo ẹ̀ dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ẹ̀ pọ́n, omi jáde lójú ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu ẹ̀ kò ju "hàà, hàà" lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọmọ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí abúlé wa pa rọ́rọ́ níṣojú ẹ̀.

"O ò béèrè màlúù mi," ni Mbah wí.

"Hàà?"

"Ó ti bí. Abo ló bí. O ṣeun tí o béèrè."

"Hàà... òkè, Mbah, òkè..."

"Èèè, òkè! Ìwọ náà ni ò tètè sọ ọ́ fún èèyàn."

Mbah Karso wá fìlà ẹ̀, ó dé e. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì dìde. Kí ẹ̀yìn ẹ̀ tó nà tán, gbogbo wa ti wà lórí ìdúró, Bu Sarinem ti ká ẹní, mo ti pa iná, Tarno onípátákó pàápàá ti wọ bàtà láìmọ ibi tí à ń lọ.

Fèrè dún.

"Ó parí," ni Bu Purwaning wí. "Ẹ ti kú."

"Àwọn wo?" ni Mbah béèrè.

"Gbogbo yín, Mbah. Iná ti dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bu," la wí. A tún ẹní tẹ́, a jókòó.

"Ṣùgbọ́n wọ́n gbà, Bu!" Ohùn Biman ti padà dé. "Gbogbo wọn ló pariwo orúkọ mi! Ẹ bi olùdánwò yín!"

"Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní orin náà dùn." Bu Purwaning gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Àmọ́ àwọn àga nìkan ló tẹ̀lé ọ, Mas."

Ó wá rọra sọ fún un pé Sekar, ọmọbìnrin tó ṣe tirẹ̀ ṣáájú, mu tíì Mbah Karso títí ikùn ẹ̀ fi ń ró bó bá ti ń rìn, àmọ́ gbogbo wa ló kó dé pápá. Òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí.

Biman fọwọ́ nu omi ojú ẹ̀. Ó yíjú sí Tarno.

"Gbé pátákó yẹn lọ."

"Mi ò lè gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n. Bàbá yín ti sanwó. Wọ́n ní kí n gbé e kalẹ̀, kí n ya fọ́tò ẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí mi ò bá ya fọ́tò, ọ̀gá mi á ní mo ti tà á lójú ọ̀nà."

"Irọ́ ló wà lára ẹ̀! Èmi kọ́ ni olórí!"

"Kí ni kí n wá kọ? Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa ń wà nínú ọkọ̀ wa. Ti ìdùnnú lẹ̀ ń wò yìí. Èkejì, ti ọ̀fọ̀ ni."

Mbah Karso mú pákí kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ọmọ mi," ló wí fún Tarno, "ṣé o ò gbọ́ ni? A ti kú. Olùkọ́ fúnra wọn ló kéde ẹ̀."

Tarno wo Mbah, ó wo gbogbo wa, ó wo Bu Purwaning. Bu Purwaning tẹjú mọ́lẹ̀, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Biman ti jókòó sídìí igi máńgòrò, ó ti orí bọ àárín orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Biman wí, kò gbórí sókè.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti ń di ọmọ wa. Ó ṣe ni láàánú pé ará ìlú ńlá ni Tarno, ó sì gbà á bó ṣe gbọ́ ọ. Ó tú lẹ́tà ìdùnnú, ó lẹ ti ọ̀fọ̀ mọ́ ọn: A BÁ ARÁ ILÉ ÀWỌN OLÓÒGBÉ KẸ́DÙN. Ti ìsàlẹ̀ kò yẹ̀, orúkọ Pak Hartoyo onítáyà ń dán gbinrin níbẹ̀. Ó ní ká tò sábẹ́ ẹ̀ kí fọ́tò lè kún. Ọmọ olómọ ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, a tò. Àwọn tó ga dúró sẹ́yìn, bí Biman ṣe kọ́ wa. Ó ya wá, ó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí fóònù Biman fi dún. Kò tíì gbé e sétí tán tí gbogbo wa ti ń gbọ́.

"Biman! Òdòdó ìdùnnú ni mo rà, ọ̀fọ̀ ni mo rí! Ta ló kú? Ta sì ni àwọn ìyá tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀ yìí?"

Biman wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan Bu Sarinem tó ń lá epo pákí ní ìka.

"Àwọn náà ló kú, Bàbá," ló wí. "Àwọn tí mo gbà là ni."